Ààfin Olódi ti Àgbómẹ̀

Ọ̀rọ̀ ààfin kì í tán lẹ́nu àwa ọmọ Yorùbá. Bí a bá jókòó sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa yìí, ẹni tí ó ti Ọ̀yọ́ wá yóò máa ròyìn kọ̀bì, ẹni tí ó ti Ifẹ̀ wá yóò máa sọ nípa àpáàdì tí àwọn ará ìgbàanì tò sí ilẹ̀ àgbàlá bí ẹni hun ẹní, ará Ìjẹ̀bú yóò sì ní kí a má ṣe gbàgbé Erédò, yàrà ńlá tí ó yí ilẹ̀ wọn ká. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Àgọ́sásá ní ẹkùn Ìpókíà, létí ààlà Nàìjíríà àti ilẹ̀ Benin, n kò ní ààfin ńlá tí mo lè fi yangàn láàárín irú àwọn ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìlú mi pàápàá, àgọ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, àgọ́ kò sì jọ ààfin. Nítorí náà, ààfin ẹlòmíràn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín, ààfin àwọn tí ó sọ púpọ̀ nínú àwọn bàbá ńlá wa di ẹni tí ń ti àgọ́ bọ́ sí àgọ́. Ààfin náà ni ti àwọn ọba Dàhòmì ní Àgbómẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé, ṣé ilé ọ̀tá ni a ó wá máa yìn? Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní 1848 ni ogun Dàhòmì fọ́ Òkè-Ọ̀dàn, tí kò jìnnà sí wa rárá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851 wọ́n kọlu Abẹ́òkúta, wọ́n tún padà wá ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1864, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà ní ìgbà méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó ní odi àti ènìyàn bí ti Abẹ́òkúta. Ní 1886 wọ́n kó Kétu, wọ́n sì sun ún níná. Àwọn ìlú kéékèèké tí ó wà láàárín, ta ni ó ka iye ìgbà tí wọ́n sá wọ igbó? Àwọn àgbà tí mo bá láyé ní Àgọ́sásá kò fi ojú ara wọn rí ogun náà, àwọn ìyá wọn ni ó sọ ọ́ fún wọn, síbẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọdé dákẹ́ ní òru, “Dàhòmì ń bọ̀” ni wọ́n máa ń wí.

Èmi gbà pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó lé bàbá rẹ̀ kúrò nílé, ó yẹ kí ó mọ ilé tí ohun náà ti jáde wá. Ìdí kejì sì wà, èyí tí n óò fi hàn níwájú: ọwọ́ Yorùbá wà nínú ilé náà ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ lọ.

Láti Àgọ́sásá, ènìyàn lè gba Ìdírọkọ̀ sọdá sí Ìgólò, kí ó kọjá sí Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, kí ó dé Kútọnù, kí ó wá yí sí àríwá títí dé Bohicon. Ẹ̀gbẹ́ Bohicon ni Àgbómẹ̀ wà. Bí àwọn aṣọ́bodè kò bá dá ènìyàn dúró pẹ́ jù, ilẹ̀ kò ní ṣú kí ó tó dé. Ohun tí ó kọ́kọ́ jọ mí lójú nígbà tí mo débẹ̀ ni bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí òkè tí a lè sá gùn bí àwọn Ẹ̀gbá ti sá sí abẹ́ Olúmọ, kò sí odò ńlá tí ó lè dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá, òkúta ìkọ́lé kò sì sí nítòsí. Ilẹ̀ pupa nìkan ni ó wà, lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹni tí ó bá fẹ́ ní odi ní irú ibẹ̀, àfi kí ó gbẹ́ yàrà kí ó sì fi erùpẹ̀ inú rẹ̀ mọ odi. Ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì fi sọ ìlú lórúkọ, nítorí ní èdè Fọn, Àgbómẹ̀ túmọ̀ sí inú odi, inú ibi tí a fi yàrà yí ká.

Orúkọ ilẹ̀ náà pàápàá, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni. Wọ́n ní ìjòyè kan wà tí ń jẹ́ Dan, tí ó ni ilẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn àjèjì wọ̀nyí tó dé. Wọ́n tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún wọn. Wọ́n tún tọrọ, ó tún fún wọn. Nígbà tí wọ́n tọrọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó bínú, ó ní ó kù kí wọ́n kọ́lé sí inú ikùn òun. Wọ́n pa á, wọ́n sin ín, wọ́n sì gbé ìpìlẹ̀ ààfin ka orí rẹ̀. Danhomè, inú ikùn Dan, ni ilẹ̀ náà ń jẹ́ láti ìgbà náà. Àwọn kan sọ ìtàn náà mọ́ Dakodonou, àwọn mìíràn sọ ọ́ mọ́ ọmọ rẹ̀, Houegbadja. Bí ó ti wù kí ó rí, ìjọba tí ó fúnra rẹ̀ sọ irú ìtàn yìí nípa ìbẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀, kò fi ohunkóhun pamọ́ fún wa.

Houegbadja, tí ó jọba láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni a mọ̀ sí ẹni tí ó fi ìdí ààfin náà múlẹ̀. Láti nǹkan bí 1625 títí di 1900, ọba 12 ni wọ́n kà pé ó jẹ tẹ̀ léra. Gbogbo wọn ni ó kọ́ ààfin tirẹ̀ sí inú odi kan náà, àfi Akaba tí ó ní ọgbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọba tuntun kì í gbé inú ilé bàbá rẹ̀, kì í sì í wó o. Yóò kọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò lo irú amọ̀ kan náà àti ètò kan náà, yóò sì na ìgànná yí tirẹ̀ ká. Báyìí ni ààfin náà ń fẹ̀ sí i láti ìran dé ìran, títí ilẹ̀ tí ó gbà fi lé ní 40 hẹ́kítà, tí ó ju 50 pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ẹni tí ó bá ń rìn láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì, ìtàn ìjọba náà ni ó ń fi ẹsẹ̀ kà.

Ọba kan wà tí kò ní àyè nínú ìwé ilẹ̀ yìí. Adandozan jọba láti 1797 títí di 1818, kí Ghezo tó lé e lórí oyè. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìtò àwọn ọba, n kò sì rí ààfin kan tí a fi hàn mí pé tirẹ̀ ni. Nínú ìlú tí ilé kíkọ́ ti jẹ́ ìtàn, ìyà tí ó tóbi jù tí a lè fi jẹ ọba ni kí a ṣe bí ẹni pé kò kọ́lé rí.

Ìgànná náà, amọ̀ pupa ni, kò sí búlọ́ọ̀kù nínú rẹ̀. Wọn yóò gbẹ́ ilẹ̀, wọn yóò bu omi sí i, wọn yóò fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi fà bí iyán. Wọn yóò mọ ìpele kan yí gbogbo ibi tí ògiri yóò gbà ká, wọn yóò fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí wọn tó gbé ìpele mìíràn lé e. Gbogbo wa ni a mọ iṣẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ti ń mọ ilé ní Àgọ́sásá kí sìmẹ́ńtì tó dé. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí ó ti nípọn tó àti bí ó ti ga tó, nítorí ọba lè kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn jọ láti po amọ̀, àwa ni ọ̀wẹ̀ àná àti ti àbúrò nìkan. Òjò sì ni ọ̀tá irú ògiri bẹ́ẹ̀. Bí ọdún bá ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni a ní láti máa lẹ̀ ẹ́, kí a máa bò ó lórí.

Nínú ìgànná yìí, ètò ààfin ọba kọ̀ọ̀kan jọ ara wọn. Ilé ẹnu-ọ̀nà ni àlejò yóò kọ́kọ́ gbà kọjá, honnouwa ni wọ́n ń pè é, ó ṣókùnkùn, ó sì rẹlẹ̀, ẹni gíga ní láti tẹrí ba. Láti ibẹ̀ ni yóò bọ́ sí àgbàlá kìíní, Kpododji, níbi tí a ti ń ṣe ayẹyẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè wò. Ilé ẹnu-ọ̀nà mìíràn tún ń bẹ kí ó tó dé àgbàlá kejì, Ajalalahennou, ibẹ̀ ni ọba sì ti ń gba àwọn ìjòyè àti àwọn ońṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ibi tí ó kọjá èyí, kò sí ọkùnrin tí ó lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí kò ṣe ọba àti àwọn ìwẹ̀fà rẹ̀.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tí ń kọ̀wé nípa ilé wọ̀nyí sábà máa ń sáré fò kọjá. Ààfin Àgbómẹ̀ jẹ́ ìlú àwọn obìnrin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó ń gbé inú rẹ̀ ní ìgbà Ghezo àti Glele: àwọn olorì, àwọn ìyá ọba, àwọn tí ń pọnmi, àwọn tí ń se oúnjẹ, àwọn tí ń tọ́jú ìṣúra, àwọn tí ń bá ọba rántí ohun tí ìjòyè kọ̀ọ̀kan wí ní ọdún tí ó kọjá, àti àwọn ọmọ ogun obìnrin tí wọ́n wá gun odi Abẹ́òkúta ní 1851. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí a bá ti ti ìlẹ̀kùn, obìnrin ni ó ń ṣọ́ inú ilé náà. Nítorí náà, ìgànná gíga wọ̀nyí kì í ṣe láti dí ọ̀tá nìkan. Láti ya inú kúrò lára ìta ni, kí ohun tí ọba ń ṣe, ohun tí ó ń jẹ, àti ohun tí ó ń bẹ̀rù má baà hàn sí ọmọ aráyé. Odi ìlú ń bẹ lọ́hùn-ún fún ogun. Ìgànná ààfin wà fún àṣírí.

Nínú gbogbo ilé tí ó wà ní àgbàlá kejì, èyí tí ó wù mí jù ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní ajalala. Ilé gígùn ni, tí ẹnu-ọ̀nà pọ̀ ní iwájú rẹ̀, òpó igi ni ó sì gbé òrùlé rẹ̀ tí ó yọ síwájú. Ọba yóò jókòó sí abẹ́ òjìji, yóò máa wo gbogbo àgbàlá láti ẹnu-ọ̀nà wọ̀nyí. Àwọn tí ó dojúbolẹ̀ nínú oòrùn kò ní mọ ẹnu-ọ̀nà èwo ni ojú rẹ̀ wà. Nígbà tí mo rí i, kọ̀bì ni ó wá sí mi lọ́kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí kọ̀bì Ọ̀yọ́ náà jẹ́ ilé tí ó yọ imú jáde lára ààfin, tí ó wà lórí òpó, tí kò sí ẹni tí ó lè kọ́ ọ bí kò ṣe ọba. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìtàn rẹ̀ pé Aláàfin Aganjú ni ó ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn ààfin Ọ̀yọ́ Ilé, tí ó to òpó idẹ sí wọn. N kò sọ pé ara kọ̀bì ni wọ́n ti wo ajalala. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà tí ọgbọ́n ìṣèjọba fi lè gbà kọjá láti Ọ̀yọ́ sí Àgbómẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láàárín 1726 àti 1730 àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ Dàhòmì léraléra. Agaja, akọni tí ó ṣẹ́gun Allada ní 1724 tí ó sì gba Ouidah ní 1727, kò rí ọ̀nà àbáyọ ju kí ó sun ìlú ara rẹ̀ kí ó sì sá wọ igbó lọ, títí ó fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀. Dàhòmì ń san án fún nǹkan bí 90 ọdún. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọkùnrin 41, obìnrin 41, ìbọn 41, pẹ̀lú owó ẹyọ àti iyùn rẹpẹtẹ, ni ó ń lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́dọọdún. Ghezo ni ó kọ̀ láti san án mọ́ ní nǹkan bí 1823, nígbà tí ilé Ọ̀yọ́ ti ń dàrú. Wọ́n tún sọ pé Tegbesu, ọmọ Agaja, ti gbé ní Ọ̀yọ́ ní ìgbà èwe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a fi dógò. Nígbà tí ó sì jọba ní 1740, ó mú àṣà ìlàrí lọ sí ààfin tirẹ̀, àwọn ońṣẹ́ ọba tí a fá apá kan orí wọn. Ẹni tí ó kó ìlàrí lọ sílé ti wo ilé tí àwọn ìlàrí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ dáadáa. Láti ọ̀nà kan náà ni Ifá fi dé ọ̀dọ̀ wọn tí wọ́n ń pè é ní Fá, tí ó sì ní babaláwo tirẹ̀ ní ààfin.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ara ògiri. Òrùlé ilé wọ̀nyí láyé àtijọ́, koríko ni, ó nípọn, ó dà gẹẹrẹ, etí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé àìmọ̀kọ́ ni ó mú kí ilé ọba rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ òrùlé náà ni ìṣúra wà. Ní ara òpó amọ̀ tí ó wà láàárín ẹnu-ọ̀nà kan àti èkejì, àwọn oníṣẹ́ ọnà yóò gbẹ́ àyè onígun mẹ́rin wọ inú ògiri, wọn yóò wá fi amọ̀ mọ àwòrán yọ sí inú àyè náà. Erùpẹ̀ òkìtì ọ̀gán ni wọ́n ń lò, nítorí pé ó le ó sì ń fà. Wọn a pò ó mọ́ epo pupa àti fọ́nrán ewéko kí ó má baà sán. Wọn a wá fi ẹfun, èédú, ẹlú àti àwọn àwọ̀ mìíràn tí wọ́n ń yọ lára ewé àti erùpẹ̀ kùn ún. Òrùlé tí ó rẹlẹ̀ yẹn ni agboòrùn àwòrán wọ̀nyí. Nígbà tí páànù dé tí wọ́n sì gbé òrùlé sókè kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́, òjò rí ọ̀nà dé ojú àwòrán.

Ọba kọ̀ọ̀kan ni ó ní àmì tirẹ̀, bí oríkì gan-an ni. Agaja ni ọkọ̀ ojú omi, nítorí òun ni ó mú ìjọba náà dé etí òkun. Tegbesu ni ẹfọ̀n tí ó wọ ẹ̀wù, tí kò sí ẹni tí ó lè bọ́ ẹ̀wù náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Agonglo ni ọ̀pẹ̀yìnbó, nítorí pé àrá a máa sán lu ọ̀pẹ ṣùgbọ́n kì í rí ọ̀pẹ̀yìnbó nílẹ̀ tí ó wà. Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn ní èdè tiwa pẹ̀lú. Glele ni kìnnìún, Behanzin ni ẹja ekurá. Ghezo ni ẹfọ̀n, òun náà ni ó sì ni ìkòkò tí a dá lu káàkiri, tí omi kò lè dúró nínú rẹ̀ àyàfi bí gbogbo ọmọ ilẹ̀ bá wá fi ìka wọn dí ihò náà. Nínú gbogbo wọn, ìkòkò yìí ni mo fẹ́ràn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ghezo ni ó kó wa jù.

Àwọn àwòrán ogun ni ó le fún mi láti wò. Àwọn jagunjagun Dàhòmì, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ni ó wà nínú wọn, tí wọ́n ń ṣẹ́gun, tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn tí wọ́n ń ṣẹ́gun náà, a máa ń fi ilà ojú dá wọn mọ̀. Nàgó ni wọ́n pè wọ́n, Nàgó sì ni orúkọ tí àwọn Fọn ń pe gbogbo àwa Yorùbá. Mo dúró níwájú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ní gbogbo ìran tí ó ti kọjá, n kò mọ ibòmíràn tí a ti ya irú àwọn bàbá wa bẹ́ẹ̀ sí ara ògiri. Àwọn ọba wa a máa ya ọba lórí ẹṣin. Ta ni ó ya àgbẹ̀ tí ogun ká mọ́ oko?

Kí a má sì ṣe tan ara wa. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, lẹ́yìn tí ó ti gba ilẹ̀ wa kọjá ní Ìjànnà, ó rí òpó àti ìlẹ̀kùn tí a gbẹ́ ọnà sí. Ó ní ejò ńlá tí ó gbé ẹran há ẹnu wà lára rẹ̀, àti àwọn ọkùnrin tí ń kó ẹrú, àti ẹlẹ́ṣin tí ń da ẹrú níwájú. Ọ̀yọ́ tí Dàhòmì ń san ènìyàn 82 fún lọ́dọọdún, ẹrú ni ó fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ìlẹ̀kùn tirẹ̀ náà. Òpó Ọ̀yọ́ Ilé ti jóná, ti Àgbómẹ̀ ṣì wà. Ìyẹn nìkan ni ó jẹ́ kí ti Àgbómẹ̀ máa tì wá lójú tí ti Ọ̀yọ́ kò sì tì wá lójú.

Ilé kan kù tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ, jeho, ilé ẹ̀mí àwọn ọba tí ó ti wàjà. Ilé roboto kékeré ni, òrùlé koríko rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó dà bí ẹni tí ó dé fìlà bo ojú. Ẹni tí yóò wọlé níbẹ̀ ní láti rákò. Àwọn tí ń mú àlejò káàkiri yóò sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹrú 41 ni wọ́n fi po amọ̀ ògiri rẹ̀, wọn yóò sì mú ọ lọ wo àga Ghezo tí ó dúró lórí agbárí mẹ́rin. Àga náà, mo rí i. Ti ẹ̀jẹ̀, mo gbọ́ ọ. Mo sì kíyè sí i pé àwọn àlejò tí ń ti Yúróòpù wá máa ń ya fọ́tò níbi agbárí, wọn kì í sì í bèèrè bí ilé náà ti ṣe dúró láìsí irin. Ohun tí ó burú ní ilé yìí pọ̀, n kò ní bò ó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tíì wo ilé.

Nígbà tí ogun Faransé tí Dodds jẹ́ olórí rẹ̀ ń sún mọ́ tòsí ní 1892, Behanzin pàṣẹ pé kí wọ́n ti iná bọ ààfin. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ni àwọn Faransé wọ ìlú náà, èéfín ni ó kí wọn káàbọ̀. Baba ńlá rẹ̀ Agaja ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí Ọ̀yọ́ rí. Òrùlé jó, igi jó, ṣùgbọ́n amọ̀ kì í jó. Behanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1894, wọ́n gbé e lọ sí Martinique, ó sì kú ní Algiers ní 1906. Agoli-Agbo tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ tún apá kan ààfin náà ṣe kí wọ́n tó yọ òun náà ní 1900. Ní 1911 Faransé kan tí ń jẹ́ Waterlot ya àwọn àwòrán ara ògiri náà sínú ìwé, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1926. Iṣẹ́ ọpẹ́ ni, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí ó yà ni òjò ti fọ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1940 ni wọ́n sọ ààfin Ghezo àti ti Glele di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní oṣù Kẹta 1984 ìjì ńlá kan jà ní Àgbómẹ̀, ó ba ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyí jẹ́. Ní 1985 UNESCO kọ orúkọ ààfin náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ní ọjọ́ kan náà ni ó sì kọ ọ́ mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu. 2007 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú ewu náà. Ní 1988, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún gbọ̀ngàn Glele kọ́, wọ́n gé àwọn àwòrán ara rẹ̀ kúrò lára ògiri ní odindi. Láti 1993 títí di 1997 àwọn oníṣẹ́ Benin àti ti ilé-ẹ̀kọ́ Getty ní Amẹ́ríkà jọ tọ́jú 50 nínú wọn. Ohun tí ó bà wọ́n jẹ́ jù ni ìtúnṣe àwọn tí ó fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ wọ́n rí. Amọ̀ a máa mí, sìmẹ́ńtì kì í mí. Omi tí ó bá bọ́ sí ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì kò rí ọ̀nà jáde, yóò sì máa jẹ amọ̀ láti inú. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ilé bàbá àgbà tí a fi amọ̀ mọ ní abúlé, tí ó ń gbèrò láti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ kí ó lè pẹ́, kí ó rántí èyí.

Ìbéèrè tí ó ń gbé mi lọ́kàn ni pé, kí ni ó dé tí Àgbómẹ̀ dúró tí Ọ̀yọ́ Ilé kò dúró? Amọ̀ kan náà ni. Wọ́n kọ Ọ̀yọ́ Ilé sílẹ̀ ní nǹkan bí 1836, ogún rẹ̀ sì ti di òkìtì lábẹ́ igi nínú ọgbà ẹranko ìjọba. Iná ni ó jó Àgbómẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ kò lọ. Ìdílé ọba kọ̀ọ̀kan ṣì ń bọ bàbá rẹ̀ nínú jeho. Ẹni tí yóò bọ bàbá rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí òrùlé jò sí i lórí. Kétu náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó kù nínú àwọn ará Kétu padà sílé lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, ẹnu odi wọn, Àkábà Ìdènà, sì wà níbẹ̀ di òní, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn rẹ̀ àti oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí àwa náà ti kọ́ ilé olódi, kí ó lọ sí Kétu kí ó tó lọ sí Àgbómẹ̀.

Bí wọ́n bá tún ń tún àwòrán Nàgó tí a dè lọ́wọ́ ṣe, ó yẹ kí a fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe dáadáa. Mo ti gbọ́ tí ọmọ ìlú wa kan sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òjò fọ̀ ọ́ lọ. N kò bá a wí, ṣùgbọ́n n kò gbà fún un. Bí òjò bá fọ ẹlẹ́wọ̀n náà lọ, jagunjagun nìkan ni yóò kù lára ògiri, àwọn ọmọ wa yóò sì máa wo ìdà tí ó gbé sókè láìmọ orí ta ni ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Nínú ohun tí Dodds kó lọ ní 1892 ni àga ọba wà, àti ère àwọn ọba, àti ìlẹ̀kùn ààfin Glele tí a gbẹ́ ọnà sí tí a sì kùn. Wọ́n wà ní Paris fún ọdún tí ó lé ní 120. Ní oṣù Kejìlá 2020 ni Faransé ṣe òfin láti dá ohun 26 padà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 2021 ni wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Kútọnù. Nígbà tí wọ́n pàtẹ wọn fún aráàlú ní 2022, àwọn ènìyàn tò láti wò wọ́n. Mati Diop fi ìrìn àjò náà ṣe sinimá kan tí ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù ní Berlin ní 2024. Benin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun sí Àgbómẹ̀ fún wọn. Mẹ́rin ni ìlẹ̀kùn náà. Ilé tí wọ́n ti yọ wọ́n kì í ṣe ilé tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí; iná jó èkínní, wọ́n sì wó èyí tí wọ́n kọ́ tẹ̀ lé e ní 1988 kí wọ́n tó tún un kọ́. Àwọn tí ń ṣètò ilé tuntun náà ni ó kù tí yóò pinnu bóyá ara ògiri amọ̀ ni wọn yóò fi wọ́n kọ́, tàbí inú àpótí dígí.